Àwọ̀ Aṣọ Tí Wọ́n Fi Mọ̀ Wá

Ilé-ìwé méjì ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo ní Ìsọlọ̀ nígbà tí mo wà ní SS2, ògiri kan ló sì pààlà wọn. Àwa tá a wà lápá ọ̀tún ń wọ ṣẹ́ẹ̀kì pupa. Àwọn tó wà lápá òsì ń wọ ṣẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ ewé. Yàtọ̀ sí àwọ̀ yẹn, n kò mọ ohun tó yà wá sọ́tọ̀. Àdúgbò kan náà la ti ń wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n lódìkejì ògiri. Ṣùgbọ́n tá a bá ti wọ aṣọ yẹn tán láàárọ̀, ọ̀tá ara wa ni wá títí di ìgbà tá a bá bọ́ ọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé aṣọ ilé-ìwé lè dá egbò síni lára ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Fáìsì. Ọkùnrin gíga kan ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n pàṣán ọwọ́ rẹ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ẹnu géètì ló máa ń dúró sí. Ẹni tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò bá funfun, ẹni tó bá wọ káádígàànì aláwọ̀ mìíràn nítorí òtútù, ibẹ̀ ni yóò ti gba tirẹ̀. Ọjọ́ Ajé kan wà tí òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, tí síkẹ́ẹ̀tì mi kò gbẹ lórí okùn. Ìyá mi fún mi ní síkẹ́ẹ̀tì dúdú tirẹ̀, ó fi píìnì dè é mọ́ mi níbàdí. Ó ní, "Ṣàlàyé fún wọn. Èèyàn ni wọ́n, wọ́n á gbọ́."

Mo ṣàlàyé. Fáìsì tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹgba méjìlá ló fún mi lẹ́yìn, jẹ́jẹ́ ló ń kà á, bí ẹni tó ń ka ọsàn. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, mo tọ̀ sára. Síkẹ́ẹ̀tì ìyá mi ni mo tọ̀ sí, níwájú àwọn ọmọ JSS1 tó ń wọlé lọ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó ẹ̀yìn mi. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ kò ju pé, "Láti òní lọ, ó tutù ni o, ó gbẹ ni o, wàá wọ̀ ọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Mo ti wọ síkẹ́ẹ̀tì tútù lọ sí ilé-ìwé rí, tó jẹ́ pé ara mi ló gbẹ sí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tá a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Òun ga jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ fíìfíì. Ilé wa kò jìnnà síra ní Òṣòdì, lẹ́yìn ojú irin, a jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀. Ìkìrun ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í fi méjì sọ́wọ́ mi tí mo bá wá pè é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ilé-ìwé méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan ní góòlù wọlé, àwọn kan ní kò wọlé, kí olùkọ́ tó fọn fèrè, òkò ti ń fò. Òkúta kan láti ọ̀dọ̀ tiwa ba ọmọkùnrin aláwọ̀ ewé kan lẹ́nu. Mo rí i bó ṣe ń wá eyín rẹ̀ nínú koríko, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà láti ẹnu rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan ti ń kiri lórí fóònù gbogbo wa: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí nínú pupa ní Òṣòdì, kó yáa mọ̀ pé tòun ti bá òun.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo yà pe ọ̀rẹ́ mi bí ìṣe mi. Ìró àti búláùsì ló wọ̀ jáde, báàgì rẹ̀ sì wú bí ìgbà téèyàn ń lọ sí àjò.

Ó ní, "Jẹ́ ká wọ mọ́fútì. Ká ká yúnífọ́ọ̀mù sínú báàgì, ká wá wọ̀ ọ́ tá a bá débẹ̀."

Mo ní, "Níbo la ti máa wọ̀ ọ́? Ṣé ojú títì? Ẹnu géètì ni Fáìsì wà."

"Tó bá rí wa, ẹgba ni. Ẹgba ò pààyàn."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn tèmi ò tíì jinná."

Ó ní, "Ó dáa. Tó o bá máa wọ̀ ọ́, màá wọ̀ ọ́. Mi ò lè dá mọ́fútì wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ." Ó padà sínú ilé, ó lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo dúró níta, mo ń jẹ àkàrà ìyá rẹ̀.

Kò tíì pé aago méjìlá tí wọ́n lu agogo. Ọ̀gá ilé-ìwé ti gbọ́ pé ìjà ń bọ̀, ó ní kí gbogbo wa tètè máa lọ sílé, ká má dúró lọ́nà. Báyìí ni wọ́n ṣe tú wa jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ nínú aṣọ pupa. Ní ibi tá a ti ń wọ kórópe, awakọ̀ àkọ́kọ́ mi orí. "Mi ò gbé pupa lónìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fọ́ gíláàsì mi." Ẹnìkejì náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló gbé wa nígbẹ̀yìn, ó ní kí àwa méjèèjì lọ jókòó sẹ́yìn, ká tẹ orí ba.

A sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì. Mo rò pé èrò pọ̀ débi tí kò sẹ́ni tó máa rí wa. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wá àwọ̀ kan ṣoṣo kò ní pẹ́ rí i. A kò tíì rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìríkà lábẹ́ bíríìjì tí mo gbọ́ tẹ́nì kan pariwo pé, "Pupa! Pupa méjì nìyẹn!"

Àwọn aláwọ̀ ewé ni, wọ́n tó mẹ́wàá. Pákó wà lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn mìíràn ti tú bẹ́líìtì wọn, wọ́n ká a mọ́ ọwọ́, wọ́n jẹ́ kí irin orí rẹ̀ máa fì dirodiro. A sáré. A sáré wọ àárín àwọn ìsọ̀, aṣọ ń gbá wa lójú, àwọn èèyàn ń bú wa. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo jù ú sílẹ̀ tàbí òun. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mi ò mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan tó ń ta òkìríkà fi ọwọ́ gbá ọrùn aṣọ mi mú, ó wọ́ mi wọ inú ìsọ̀ rẹ̀. "Bọ́ ọ! Bọ́ ọ kíá!" Kò dúró dè mí. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà ya láti ọrùn dé ìdí, bọ́tìnnì fò káàkiri. Ó ju gáùn yẹ́lò ńlá kan sí mi lọ́rùn, ó wé gèlè mọ́ mi lórí, ó kó àwọn ṣòkòtò kan lé mi lọ́wọ́. "Máa ká a. Má wẹ̀yìn."

Mo wẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi ti ṣubú, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí mi. Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ là mọ́ ọn lápá. Mo gbọ́ ìró egungun náà. Ó gbìyànjú láti dìde, ẹnì kan tì í lulẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, bẹ́líìtì wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, sí orí, sí ẹ̀yìn, sí ojú. Ó ń pe orúkọ mi. Kì í ṣe pé ó ń ké "ẹ gbà mí". Orúkọ mi ló ń pè. Mo dúró nínú gáùn yẹ́lò, mò ń ká ṣòkòtò.

Ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹ̀yìn rìn kó lè rí àyè na bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa, ló bá fara gbá mi. Ó yíjú, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra díẹ̀."

Ẹgbẹ́ mi ni. Ká ní ó rí mi ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú, orí mi ni ì bá fọ́. Mo yẹra fún un.

Àwọn aláàárù àti àwọn tó ń ta bàtà ló wá lé wọn, pẹ̀lú igi àti òpó irin. Wọ́n túká bí eṣinṣin. Ojú òsì ọ̀rẹ́ mi ti pa dé, ohun kan tó dà bí omi ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn jáde níbẹ̀. Obìnrin olókìríkà náà bọ́ ìborùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú náà. Mo ń wò ó nígbà tí mo gbọ́ ariwo pé wọ́n ti mú ọ̀kan.

Ọmọkùnrin kan ni, ó lè máa tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ṣẹ́ẹ̀kì aláwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti gbé e lulẹ̀, wọ́n ń gbá a nípàá. Ó ń pariwo pé, "Mi ò sí lára wọn! Ẹ jọ̀ọ́! Oògùn ni bàbá mi ní kí n wá rà!" Ọ̀rá dúdú kékeré kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ó dì í mú bí ẹni di ẹ̀mí mú.

Mo gbé àpótí igi tí obìnrin náà fi ń jókòó. Mo kọjá láàárín àwọn ọkùnrin náà, àwọn fúnra wọn ló là fún mi. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí yẹn sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lé ọwọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà ẹ̀kẹta, ọwọ́ náà kò dúró lórí mọ́, ó jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tún gbé e sókè.

Obìnrin olókìríkà ló já àpótí gbà lọ́wọ́ mi. Ó gbá mi létí, ojú mi ṣú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa á ni? Wo ojú ẹ̀! Ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn!" Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọkùnrin yẹn, ó dùbúlẹ̀ lé ọmọ náà lórí, ó fi ara rẹ̀ bò ó. "Ẹ pa àwa méjèèjì pọ̀, tẹ́ ẹ bá lágbára!"

Ní ọsibítù, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ pupa kúrò lára ọ̀rẹ́ mi. Apá rẹ̀ so padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó wọ́ díẹ̀. Ojú òsì kò là mọ́. Ìyá rẹ̀ kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ń sọ pé, "Ọlọ́run ló yọ ìwọ, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹgba méjìlá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìjà náà, wọ́n pe ìpàdé àwọn òbí ilé-ìwé méjèèjì sínú gbọ̀ngàn wa. Ìyá mi mú mi dání nítorí ó fẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Aṣọ yìí ni wọ́n fi mọ ọmọ mi. Ẹ bá mi bọ́ ọ lọ́rùn àwọn ọmọ yòókù." Obìnrin mìíràn fèsì láti ẹ̀yìn pé ọmọ márùn-ún lòun bí, bí kò bá sí yúnífọ́ọ̀mù, aṣọ wo ni wọ́n fẹ́ máa wọ̀ lójoojúmọ́ tí ọmọ olówó kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Ariwo sọ. Fáìsì ní bí ọmọ kò bá wọ aṣọ kan náà, kò ní gbọ́ràn. Ẹnì kan ní kó jókòó.

Ọkùnrin kan wá dìde láàárín àwọn òbí ọmọ aláwọ̀ ewé. Ó ní Àjàó Estate lòun ń gbé, pápá ọkọ̀ òfuurufú lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì ṣẹ́ẹ̀kì kan sókè, ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ ọn lára. "Èmi ni mo rán ọmọ mi lóògùn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìka mẹ́ta ni kò lè ká mọ́ lọ́wọ́ tó fi ń kọ̀wé." Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó fi í sábẹ́ apá. "Mo fẹ́ mọ ohun kan ṣoṣo. Nínú gbogbo àwọn tó lù ú, ta ló bi í léèrè orúkọ rẹ̀?"

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí pé ó ti kàn mí láti sọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo jókòó.

Wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo ọmọ máa wọ mọ́fútì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tù wá lára. A ń rìn ní Òṣòdì bí ọmọ èèyàn. Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wọlé láti ẹnu géètì, wọ́n wọ jíǹsì, báàgì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rò pé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Àdá ló wà nínú báàgì náà. Fáìsì ni wọ́n ń wá. Ó ti na àbúrò ọ̀kan nínú wọn títí ọmọ náà fi dákú.

Ojú fèrèsé kíláàsì wa ni mo wà. Mo rí Fáìsì nígbà tó gbé apá sókè, tí àdá sì sọ̀kalẹ̀. Ìka méjì bọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó sáré, ẹ̀jẹ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó já wọ kíláàsì wa, ó sì ṣubú sáàárín bẹ́ǹṣì. Ohùn tí kì í ròkè yẹn ti di ohùn ọmọdé. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tilẹ̀kùn."

Gbogbo wa dúró. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kò rántí ẹ̀yìn ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn. Mo gbá bẹ́ǹṣì mi mú, mo fà á lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn yòókù sì fa tiwọn. Àdá wọ inú pákó ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A fi ẹ̀yìn tì í títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Kì í ṣe ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ó ti sú mi ni láti máa wo ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá yúnífọ́ọ̀mù padà. Fáìsì kò padà wá.

Ọ̀rẹ́ mi kò parí ilé-ìwé níbẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ọdún mẹ́fà kọjá kí n tó lè sọ fún un. Ó ń dirun fún mi lọ́wọ́ nígbà náà. Mo sọ ti gáùn yẹ́lò, mo sọ ti ọmọ tí mo fi àpótí lù. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun mi.

Ó ní, "Ti gáùn, mo ti mọ̀. Mo rí ẹ. Ojú kan ṣì ń ríran nígbà yẹn." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, nítorí tèmi lo ṣe lù ú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló rán ẹ?" Ó padà sórí irun náà. Nígbà tó parí, ó ní, "Dìde. Ká lọ bá a."

Ó gbà wá ní Sátidé mẹ́ta ká tó rí ilé náà ní Àjàó Estate. Bàbá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó fún wa ní omi. Ọmọ náà ti di géńdé. Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà yíjú sí ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò bínú; ìbá sàn kó bínú.

Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí mo ní oògùn ni mo wá rà?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ó mi orí, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ títí a fi lọ. Bàbá rẹ̀ sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní ká máa rọra lọ, ojú ọ̀nà ń yọ̀.

Olùkọ́ ni mí báyìí, ní ilé-ìwé kan ní Okota. Láìpẹ́ yìí, àwọn òbí kan ní kí wọ́n fagi lé yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n bi àwa olùkọ́ léèrè èrò wa. Mo ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́, nítorí mo ti rí ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ géètì kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí apànìyàn. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan pàṣán rí, mo sì ti sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì mi pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n lójú ọ̀nà, kí wọ́n wọ ohun tó bá wù wọ́n wá, èmi ni màá dúró sẹ́nu géètì.

Ọ̀rẹ́ mi kò gbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin máa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní wọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni máa fi mọ̀ ọ́n lókèèrè. Mo sọ fún un pé kò sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Òṣòdì. Ó ní òun ṣì ń wá a.